Ẹ Má Dá A Padà Bí Ẹ Ti Bá A

Ẹ̀bá Harrow Manorway,
Thamesmead,
London.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Bélú, ọdún 2025.

Waheedah ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé. Mo lérò pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún kò tíì gba gbogbo agbára rẹ, pé Nurain ọkọ rẹ wà dáadáa, àti pé òtútù Leeds ń fi ojú àánú wò yín. Ní tèmi, ara kò rọ̀ mí lọ́rùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn. Inú ló ń bí mi. Láti oṣù kẹta ọdún yìí ni inú ti ń bí mi, mo sì ti rí i pé bí n kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, yóò pa mí.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé o kì í gbé fóònù mi. Ìyẹn náà ń bí mi nínú, n kò ní fi bò fún ọ. Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ̀bi náà lè bínú. Bí bàbá ẹni bá pe ènìyàn ní àárọ̀ ọdún Iléyá, ó yẹ kí ènìyàn gbé e, kí ó tilẹ̀ sọ pé, "Daddy, mi ò fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀," kí ó sì pa á. Èyí tó ń dún ṣáá tí kò sẹ́ni tó dáhùn, ìyẹn ló burú jù.

Ìròyìn tó ṣáájú ni pé wọ́n ti fọ́ kọnkéré náà. Bẹ́ẹ̀ ni, kọnkéré tí o mọ̀. Kì í ṣe èmi ni mo fọ́ ọ. N kò ní gba ìyìn tí kò tọ́ sí mi. Iléeṣẹ́ kan tó ń ri páìpù omi gbígbóná mọ́lẹ̀ fún àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní ìsàlẹ̀ títì ló sọ pé iwájú ilé wa ni páìpù gbọ́dọ̀ gbà. Wọ́n gbé katakata wá, wọ́n fọ́ ọ láti géètì dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbẹ́ kòtò tó jìn dé àyà mi, wọ́n fi irin yí i ká, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n pè é. Ìgbà ooru dé, ó kọjá, kòtò náà ṣì la ẹnu sílẹ̀ níwájú ilé mi. Pákó kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe afárá fún mi. Èmi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ni mo ń fi ẹsẹ̀ wá pákó lọ sí mọ́ṣáláṣí bí ọmọdé tó ń ṣeré lórí odò.

O mọ iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Títì àti gọ́tà ni mo fi jẹun, ní Ìbàdàn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ìlú yìí. Nítorí náà nígbà tí wọ́n padà wá dí kòtò náà, mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò wọ́n. Wọn kò tẹ ilẹ̀ náà ní ìpele-ìpele. Bíríkì fífọ́ ni wọ́n dà sí i, àti ọ̀rá, àti ike tíì, àti ìbọ̀wọ́ ẹnì kan. Wọ́n fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì lù ú pẹ́pẹ́, wọ́n ní ó parí. Iṣẹ́ tí n kò ní gbà lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ tó dé lánàá! Mo jáde sí wọn, mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì ń na ọrùn wò mí.

Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Kenneth. Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀, Woolwich níbí ni wọ́n bí òun sí. Ó gbọ́ bí mo ti ń bú wọn ní Yorùbá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Uncle, mo gbọ́ ẹ o. Má bínú. Calm down." Má bínú! Fún èmi, tí mo ju bàbá rẹ̀ lọ! Mo ní, "Ẹ má bínú ni wọ́n ń sọ fún àgbà." Ó ní, "Sorry, Uncle. Ẹ má bínú. Monday la máa da kọnkéré tuntun. A máa dá a padà bí a ṣe bá a. O máa happy."

Bí a ṣe bá a. Waheedah, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ní ibi tí n kò mọ̀ pé ó ṣì ń dùn mí. Mo wọlé, mo jókòó. Bí wọ́n ṣe bá ilẹ̀ yẹn kọ́ ni ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe bà á jẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n bá a.

N kò tíì sọ ọ́ fún ọ rí, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí láìbu omi là á. Nígbà tí ìyá rẹ lọ sí Mẹ́kà, mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò wá kí Alhaja tuntun káàbọ̀. Mo wo iwájú ilé. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ìyá rẹ ti ga dé fèrèsé òkè, ewé wà nílẹ̀, tẹ̀tẹ̀ àti àlùbọ́sà wà káàkiri, ẹrẹ̀ wà. Ojú tì mí. Níbo ni àwọn àlejò yóò gbé mọ́tò sí? Kí ni wọn yóò rí? Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ojúlé tí wọn kò gbá dé erùpẹ̀, ilé ọ̀lẹ ni, ejò ló ń pè. Mo gé igi náà lulẹ̀. Ìwọ wálé láti yunifásítì, o di apá mi mú, o ní, "Daddy, ẹ dúró kí Mummy dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn bi wọ́n." Mo ní, "Ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi ní iṣẹ́ mi?" O mú ẹ̀ka kan, o fi í sínú garawa omi, o gbé e jáde. Mo tilẹ̀ pariwo tẹ̀ lé ọ pé kí o má gbé ìdọ̀tí wọ ọkọ̀ ojú irin. Kí ìyá rẹ tó dé, mo ti da kọnkéré bo gbogbo iwájú ilé.

Ìyá rẹ dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó gbé omi sàmùsámù rẹ̀ mọ́ àyà, ó dúró lórí kọnkéré náà nínú aṣọ funfun. Àwọn àlejò ń yìn mí. Ó wò ó yíká. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Waheedah. Ó mọ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń gbà. Nínú òjò, nínú òtútù, pẹ̀lú ẹrù ọjà lọ́wọ́ méjèèjì, yóò yí ilé po gba ẹ̀yìn. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, ó ní ibẹ̀ ló yá. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé ó rọrùn fún mi láti gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ tí a gbé òkú rẹ̀ jáde, ìwọ dúró sí ojú títì, o kò wọ géètì, o ní ẹsẹ̀ rẹ kò ní tẹ kọnkéré yẹn láé. Mo bú ọ níwájú ìmáàmù. Ìwọ lo gbọ́n nínú àwa méjèèjì.

Nígbà tí Mọ́ńdè pé, mo ti jí ṣáájú wọn. Mo wa Toyota mi àtijọ́, èyí tí mo máa ń gbé sórí kọnkéré náà tẹ́lẹ̀, mo wà á wọ àárín ẹrẹ̀ tó wà níwájú ilé, mo ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, mo jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà àti fìláàsì tíì. Lọ́rì kọnkéré dé, ó ń yí ikùn rẹ̀. Kenneth ń kan gíláàsì. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́ nau, kọnkéré yẹn máa le mọ́ inú lọ́rì!" Mo sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ má dá a padà bí ẹ ti bá a! Ilẹ̀ ni kí ẹ fún mi. Ilẹ̀ tó ṣeé gbin nǹkan, kí ẹ sì kó ìdọ̀tí yín kúrò nínú rẹ̀." Ó ní, "Ṣùgbọ́n, Uncle, níbo lo wá máa páàkì?" Mo dá a lóhùn pé mo ti páàkì tó láyé mi. Ó pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sọ ọ́ títí, lọ́rì náà yí padà.

Wàyí o, mo ti ṣẹ́gun. Mo tan mọ́tò kí n fi ọlá wà á jáde. Táyà ń yí lójú kan, mọ́tò ń rì. Katakata Kenneth kan náà ló fi ẹ̀wọ̀n fà mí jáde, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú bí mi débi pé mo ta mọ́tò náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an fún dírẹ́bà kan ní Nathan Way. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ jẹ́rìí fún Kenneth: ó kó gbogbo ìdọ̀tí jáde, ó da ilẹ̀ dúdú tó dára sí i, nígbà tó sì ń lọ, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

O rántí Phoebe, òyìnbó aládùúgbò wa lápá ọ̀tún, tó fẹ̀yìn tì ní ọsibítù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Woolwich Common. Ó ń ṣe irú ọgbà kan tí wọ́n ń pè ní pámákọ́ṣọ̀. Bí ó ti yé mi, ọgbà tí ń bọ́ ara rẹ̀ ni. Wàá wo ibi tí omi òjò ń gbà, ibi tí oòrùn ń bọ́ sí, ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn ń tọ̀, o kò sì ní bá wọn jà. Ohun tó bá já bọ́ lára igi ni wàá fi bọ́ igi. Ó wá bá mi pé òun lè ràn mí lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé kó fi ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ fún mi, mo mọ omi jù ú lọ. Ó ní, "Òótọ́ ni, Mister Ọlágúnjú. Omi tí o lé kúrò níwájú ilé rẹ, ẹnu ọ̀nà mi ló ń wá jókòó sí. Láti ìgbà tí o ti da nǹkan yẹn ni mo ti ń fi kọ́ọ̀bù bù ú."

Ilẹ̀ ì bá là kí ó gbé mi mì. Èmi tí mo fi gọ́tà jẹun! Mo ṣe kọnkéré náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dára kí omi má baà dúró lọ́dọ̀ mi, n kò sì bi ara mi léèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò lọ. Lórí ilẹ̀ Thamesmead tó jẹ́ àbàtà tẹ́lẹ̀! Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun sọ fún ìyàwó mi, ìyàwó mi sì gbé garawa wá, àwọn méjèèjì jọ ń bù ú. Ìyá rẹ, Waheedah. Ó ń bu omi mi ní ilé aládùúgbò, ó tún ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé wá gbọ́únjẹ fún mi. Mo bínú sí òun náà, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Kí ló dé tí kò pariwo lé mi lórí? Ṣùgbọ́n ta ni ìbá gbọ́ ariwo rẹ̀ nílé yìí nígbà náà?

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìjà. A gbẹ́ kòtò kan tí kò jìn, tó wọ́ láti ẹnu gọ́tà òrùlé kọjá iwájú ilé, kí ó lè dá òjò dúró, kí ilẹ̀ sì rí àyè mu ún. Èmi ni mo wọn ọ̀nà rẹ̀, n kò jẹ́ kí Phoebe fọwọ́ kàn án. Àwọn àfọ́kù kọnkéré tó kù, mo rì wọ́n lóòró sí etí kòtò náà kí ó má baà ya lulẹ̀. Lóòró, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ wọ́n mọ́. A tẹ́ páálí lé ilẹ̀ kí èpò má lè hù, a sì da èérún igi àti ewé gbígbẹ lé e nípọn, ewé tí a kó ní Woolwich Common, tí a sì ru wálé nínú bọ́ọ̀sì bí aṣiwèrè méjì. Aáyù ti wà nínú ilẹ̀, àti ẹ̀wà kan tí ń fara da òtútù. Tẹ̀tẹ̀ yóò tẹ̀ lé wọn bí ooru bá dé.

Nígbà tí à ń gbẹ́lẹ̀, a kan kùkùté ọ̀pọ̀tọ́ náà. Kí n má parọ́ fún ọ: kò sí ìyanu kankan. Mo fi ọ̀bẹ họ èèpo rẹ̀, mo ń wá ibi tútù. Ó ti jẹrà. Ó rún sí mi lọ́wọ́ bí búrẹ́dì tó ti pẹ́. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo bú ara mi ní Yorùbá, mo tún un bú ní Gẹ̀ẹ́sì kí Phoebe lè gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kù kan ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Falilat, tí wọ́n wá láti Ìbàdàn lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ tiwọn wá nínú àpótí, wọ́n ní ti òyìnbó kì í débi tó yẹ. Ní ọjọ́ kejì tí a tẹ́ ewé náà, mo kírun àsùbáà tán, mo ká kọ́tìnì, mo rí ẹ̀gbọ́n mi níta, kóòtù òtútù mi lọ́rùn wọn, fìlà òwú mi lórí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbálẹ̀. Gbogbo ewé, gbogbo èérún igi, wọ́n ti gbá a kanlẹ̀, wọ́n ti dì í sínú ọ̀rá dúdú. Páálí ti hàn síta, wọ́n sì ń ya ìyẹn náà. Phoebe dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó la ẹnu.

Mo pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mọ́ ẹni tó pọ̀n mí, ní gbangba. Mo ní, "Ta ló rán yín? Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ bà jẹ́?" Wọ́n nàró, wọ́n fi ìgbálẹ̀ há abíyá. Wọ́n ní, "Mìkáílù, èmi lo ń pariwo mọ́? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo pè mí nígbà tí ìyàwó rẹ wà ní Mẹ́kà, tí o ní, 'Ẹ̀gbọ́n, láti òní lọ, Sìdíkátù kò ní gbá ewé mọ́ láé'? Mo bi ọ́ pé ṣé ó sọ fún ọ pé ó sú òun. O ní o kò bi í." Wọ́n tún ní, "Ìyàwó yẹn kì í gbá ewé dà nù. Mo rí i nígbà tí mo wá kí yín. Ìdí igi ló ń gbá a lọ. Mo ní, 'Ìyàwó mi, o ò gbé e kúrò.' Ó ní, 'Ẹ jẹ́ ó jẹun, Ẹ̀gbọ́n mi.'" Mo ní tí wọ́n bá mọ èyí, kí ló wá dé tí wọ́n kó tèmi sínú ọ̀rá? Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Igi dà? Ewé tí kò ní igi, ìdọ̀tí ni."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn lórí ilẹ̀ tútù náà, wọ́n ní kí n dìde kí àyà mi má baà dì. Mo tú ọ̀rá náà dà sílẹ̀. Mo ní bí wọn kò bá lè ṣe kí wọ́n má gbálẹ̀, ibì kan wà tí wọn yóò máa gbá a lọ. Mo hú kùkùté náà kúrò, mo sì gbẹ́ ihò tuntun síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ewé yòówù tí afẹ́fẹ́ bá gbé wọ géètì, Àǹtí Falilat ń gbá a lọ yí ihò náà ká, láràárọ̀. Ìdí igi tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ń gbá ewé lọ. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, inú sì ń bí mi sí i.

Ọ̀pọ̀tọ́ ìyá rẹ tó ṣẹ́kù láyé, ọ̀dọ̀ rẹ ló wà. Nurain fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, má bá a jà. Mo rí i pé ó ti ga ju ọgbà ilé yín lọ. N kò ní kí o hú u. Tìrẹ ni, ìwọ lo gbà á là lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ka kékeré kan tó ti ta gbòǹgbò ní ìdí rẹ̀ ni mo ń tọrọ. Phoebe ní ìgbà tí ewé rẹ̀ ti wọ́ báyìí ló dára, kí ilẹ̀ tó dì. Ó tún ní òun lè bá mi ra ọ̀pọ̀tọ́ mìíràn. Mo ní kó má dán an wò. Bí o kò bá fún mi, ihò náà yóò wà bẹ́ẹ̀, n óò máa wò ó, ó sì tọ́ sí mi.

Bí o bá fi rán Nurain, n óò dúpẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìwọ lo gbé e wá fúnra rẹ, ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ yóò tẹ̀ láti géètì dé ẹnu ọ̀nà, mo ti tọ̀ ọ́ wò. Ilẹ̀kùn iwájú ni kí o gbà. N kò fi èyí ra ìdáríjì. Ìyá rẹ ló lè dárí èyí jì mí, mo sì pẹ́ kí n tó bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí ewé yẹn rí igi bọ́.

Kí Ọlọ́run bá mi fún ọwọ́ tí o fi ń gbẹ̀bí lágbára. Kí ó má jẹ́ kí ìbínú tìrẹ pẹ́ bí oríkunkun tèmi ti pẹ́. Kí òjò tó bá rọ̀ lé ọ máa rí ilẹ̀ tí yóò mu ún. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó gé igi náà,
Mìkáílù Ọlágúnjú.

Mo gbàgbé: Òjò ńlá rọ̀ lánàá. Mo gbé agboòrùn, mo lọ yọjú sí ẹnu ọ̀nà Phoebe. Gbígbẹ ni. Àǹtí Falilat kí ọ. Wọ́n ní bí o bá ń bọ̀, kí o má wọ bàtà tó dára, nítorí pé iwájú ilé wa kò mọ́ rárá.